O Kú Iṣẹ́, Ọmọ Kékeré

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo bọ́ sílẹ̀ nínú Máíkírà ní Bẹẹrẹ, láàárín ìgboro Ìbàdàn. Oòrùn kò tíì mú, àmọ́ àwọn alákàrà ti ń da òróró ẹlẹ́ẹ̀kejì sínú agbada. Mo tẹ̀lé àwọn ọmọ tó gbé báàgì kọ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń yà ni èmi náà ń yà, títí a fi dé ẹnu géètì kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ti wà níbẹ̀ nínú ìró àti bùbá, ó so awò ojú mọ́ ọrùn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n wo gbogbo ohun tó bá wù mí, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà síwèé, n kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ ọlọ́mọ. "Ọ̀rọ̀ ọmọdé, ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ ni," ó ní. Mo gbà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tíṣà ni mo wá gbọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó lè yọ ìwé kíkà lẹ́nu ọmọ ọdún méje.

Irin ọkọ̀ kan tí wọ́n so rọ̀ sára igi máńgòrò ni aago wọn. Nígbà tí ọmọ kan lù ú, gbogbo pápá pa rọ́rọ́. Wọ́n tò sórí ìlà, kíláàsì tẹ̀lé kíláàsì. Lẹ́yìn àdúrà àti orin orílẹ̀-èdè, tíṣà tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà kàn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ èékánná wò. Ẹni tí èékánná rẹ̀ gùn, "Ìwọ, bọ́ síta!" Ẹni tí kò wọ ìbọ̀sẹ̀, "Ìwọ náà, bọ́ síta!" Ọmọ 11 ni mo kà kí ìlà tó tú. Nínú 11 náà, kò sí ẹyọ kan tí wọ́n pè fún ohun rere. Àwọn tó fọ aṣọ, tó gé èékánná, tó dé kí aago tó dún, kò sẹ́ni tó pè wọ́n rárá. Mo rántí pé bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ tí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lórí ìlà, àyà rẹ á kọ́kọ́ já ná.

Prámárì Kejì ni ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ mú mi lọ. Ọmọ 61 ló wà nínú kíláàsì náà. Bẹ́ńṣì tó yẹ ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin ló jókòó sí i. Wọ́n kọ álífábẹ́ẹ̀tì sí àjákù páálí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Wọ́n gbé àga kan fún mi lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí! Ẹ káàárọ̀, àlejò wa!"

Àǹtí kò kọjú sí pátákó. Ó ń rìn láàárín bẹ́ńṣì, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kí ará ọjà. "Ìwọ ti ra ìwé tuntun; bá mi kí màmá rẹ kú ìnáwó." "Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ yẹn ti ń jiná? O káre tí o wá." "Ìyá mi, mo rí iṣẹ́ tí o ṣe wá láti ilé. Lánàá àwọn lẹ́tà rẹ ń fò kiri. Lónìí wọ́n jókòó sórí ìlà." Kò lè kan gbogbo ọmọ 61. Àwọn tó kàn, ó fàmì sí wọn lẹ́yìn rẹ́jísítà. Àwọn tó kù di ọ̀la. Mo yọjú wo àmì náà nígbà tó yá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ọmọ tí kò kàn.

Ìwé kíkà ló kọ́kọ́ wà. Ó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sára pátákó, ó sì ní kí ọmọkùnrin kan tó jókòó ti ògiri dìde. Oríkì ló fi pè é: Àkànní. Eyín iwájú ọmọ náà méjì ti ká. Ọ̀rọ̀ tó kàn án ni àgbàdo.

"À..." Ó wo ojú Àǹtí. "À-ga..." Ó tún wo ojú Àǹtí. "À-ga-do."

Ẹ̀rín ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún. Àǹtí gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀rín náà sì kú sẹ́nu wọn. "O ti mú méjì nínú mẹ́ta," ó ní. "À wà níbẹ̀, do wà níbẹ̀, àárín ló kù. Ìdáhùn kò sí lójú mi, ọkọ mi. Ara pátákó ló wà." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ọ̀rọ̀ náà, ó ku gbà nìkan. "Àwọn méjì tó ṣáájú yìí, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ọ̀kan kì í dá jáde. Pa ètè pọ̀ ná."

Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Mo ń kà á lọ́kàn mi: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó ṣe mí bíi kí n bá ọmọ náà sọ ọ́. Àkànní pa ètè pọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ó sì tú u jáde: "Gbà! À-gbà-do!"

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un," Àǹtí wí, "nítorí ó padà sí i lẹ́ẹ̀kẹta."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Kò ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ nítorí ọmọ náà mọ̀wé. Ó sọ ohun tí ọwọ́ ọmọ náà ṣe, débi pé bí ẹlòmíràn nínú kíláàsì bá fẹ́ gba àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ó ti mọ ohun tí òun náà máa ṣe.

Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ náà wà lára ìṣírí. Ní Amẹ́ríkà, láyé àwọn ọdún 1970, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Mary Budd Rowe tẹ́tí sí ohùn àwọn tíṣà tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú kíláàsì. Ó rí i pé bí ọ̀pọ̀ wọn bá ti béèrè ọ̀rọ̀ tán, wọn kì í dúró ju bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́nu ọmọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ láti dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í lanu náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Tíṣà tó dúró de ọmọ ti sọ fún un láìlanu pé, "Mo mọ̀ pé o ń bọ̀."

Nígbà tó di iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kíláàsì náà yí padà mọ́ mi lójú. Ohùn àwọn ọmọ lọ sílẹ̀. Àǹtí fúnra rẹ̀ kò sọ gbólóhùn gígùn mọ́. Ọmọ tó bá gbà á, "Fẹ́rì gúùdù!" Ọmọ tó bá ṣì í, "Fẹ́rì gúùdù, jókòó!" Àtẹ́wọ́ ń rọ̀ bí òjò, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń pa á fún. Ó di ìgbà tí omijé lé ròrò sójú ọmọbìnrin kan. Àǹtí lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì padà sí Yorùbá: "Ohun tí o fẹ́ sọ dára. Sọ ọ́ fún mi bí o ṣe ń sọ ọ́ nílé, a jọ máa wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀." Ọmọ náà sọ ọ́. Àwọn méjèèjì sì jọ wá a.

Fífi èdè ilé kọ́ ọmọ kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti gbé e dán wò, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ya Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní Prámárì Kẹrin. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé ara wọn, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ló ta yọ, Gẹ̀ẹ́sì tiwọn kò sì gbẹ́yìn. Ohun tí mo wá rí lórí bẹ́ńṣì yìí ni pé èdè tí ẹ̀kọ́ fi ń yé ọmọ náà ni ìyìn fi ń wọ̀ ọ́ lára. Oríkì ló ń mú orí ọmọ wú. "Fẹ́rì gúùdù" kò rí i gbé ṣe.

A kò tíì parí nígbà tí ohùn kan gba orí ògiri wá láti kíláàsì kejì: "Olódo! Ọjọ́ wo lo máa mọ nǹkan?" Ẹ̀rín ọ̀pọ̀ ọmọ tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ tiwa wo ara wọn. Àǹtí wo ilẹ̀.

Òdo ni nọ́ńbà tí kò ní nǹkan kan nínú. Ọmọ tí a bá wá pè ní olódo, a ti sọ òdo di ohun ìní rẹ̀, bí onílé ṣe nílé, bí olóko ṣe ni oko. Èmi náà ti jẹ oyè yẹn rí. Prámárì Kẹta ni mo wà, ìlọ́po méje ló dí mi lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni tíṣà wa pè mí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èmi kò gbàgbé. Odidi ọdún méjì ni mo fi ń wá ẹni tó ga jù mí lọ láti jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà náà kò sì pè mí dìde mọ́. Ìyẹn gan-an ló ṣe mí ní ìpalára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtura ló jọ lójú mi nígbà náà.

Ní ọdún 1968, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí wọ́n ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní California. Wọ́n sọ fún àwọn tíṣà pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé àwọn ọmọ kan fẹ́ ta yọ lọ́dún náà. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣe ni wọ́n kàn ṣà wọ́n láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn tí wọ́n ṣà náà ti yọ sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ wọn nínú àyẹ̀wò, pàápàá àwọn tó kéré jù, ní kíláàsì kìíní àti ìkejì. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá wọn jiyàn gidi lórí bí èrè náà ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó lẹ́yìn kíláàsì rí mọ ọ̀nà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń gbà: ẹni tí tíṣà kò retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kì í pè é; ẹni tí wọn kò pè, kì í gbìyànjú; ẹni tí kò gbìyànjú, wọ́n á ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Aago ìsinmi lù. Àwọn tó lówó sáré lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì àti ẹlẹ́wà, àwọn tí kò ní sáré kiri pápá. Lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọmọbìnrin kan ń ṣeré tíṣà-tíṣà. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn igi. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe tíṣà mú igi ìgbálẹ̀ kan, ó na afẹ́fẹ́: "Olódo ni gbogbo yín! Ẹ kúnlẹ̀ síbẹ̀!" Gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ti èkejì, èyí tó ń sunkún láàárọ̀, ó gbé igi ìgbálẹ̀ náà jù sílẹ̀. Ó mú ewé máńgòrò kan dání bí ìwé. "Má wo ojú mi," ó sọ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀, "ìdáhùn kò sí níbẹ̀." Bí ohùn Àǹtí ṣe rí gẹ́lẹ́ ló rí. Ohun tí a bá kì bọ ọmọ létí láàárọ̀, kì í di ọ̀sán kó tó fi tọ́jú ẹlòmíràn, tàbí kó fi nà án.

Ní Prámárì Kárùn-ún, ìṣirò ni mo bá lára pátákó: 1/2 + 1/3. Ọmọkùnrin kan ti kọ ìdáhùn tirẹ̀: 2/5. Tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ṣọ́ọ̀kì ti kun apá ẹ̀wù rẹ̀, kò nù ún kúrò. Ó kọjú sí kíláàsì: "Ta ló lè sọ ohun tó rò kó tó kọ ọ́?"

Ọmọbìnrin kan ní ó ro tòkè pọ̀ mọ́ tòkè, ó ro tìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ tìsàlẹ̀.

"Ó dáa. Ó mọ̀ pé àròpọ̀ ni, ìyẹn kò burú. Wàyí o, bí mo bá fún un ní ìlàjì búrẹ́dì, tí mo tún bù kún un, ṣé tọwọ́ rẹ̀ lè dín sí ìlàjì?"

"Rárá o!"

"Ìdá méjì nínú márùn-ún ńkọ́, ṣé ó tó ìlàjì?"

Wọ́n dákẹ́. Ọmọ tó kọ ọ́ ló kọ́kọ́ rí i. "Kò tó," ó ní, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìwọ lo rí i," tíṣà dáhùn. "Ìwọ náà ni kó tún un ṣe." Ọmọ náà ya búrẹ́dì kan, ó gé e sọ́nà mẹ́fà, ó kun mẹ́ta, ó kun méjì sí i. Ó kọ 5/6, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

N kò gbọ́ irọ́ kankan nínú gbogbo rẹ̀. Tíṣà kò sọ pé 2/5 tọ̀nà, kò sì sọ pé ọmọ náà gọ̀. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ìṣírí ni kí a máa fi oyin kun àṣìṣe. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yàtọ̀: ó sọ ibi tí ọmọ dé, ó sọ ibi tó kù, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wo ìwé tó ń máàkì. Báírò pupa ló lò bíi ti gbogbo tíṣà, àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò tí ọmọ kan ṣì, ó kọ ọ́ wẹ́wẹ́: "Ìlà kẹta. O gbàgbé èyí tí o yá. Padà síbẹ̀."

Ní yàrá àwọn tíṣà, wọ́n fún mi ní omi tútù. Bàbá kan tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bi í léèrè bóyá ó máa ń sọ fún ọmọ pé ọpọlọ rẹ̀ pé. Ó mi orí. "Bí mo bá pè é ní ọlọ́pọlọ pípé lónìí," ó ní, "tó bá gba òdo lọ́la, kí ni mo fẹ́ pè é?"

Ìbéèrè tí Claudia Mueller àti Carol Dweck gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà gan-an nìyẹn, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1998. Wọ́n fún àwọn ọmọ Prámárì Kárùn-ún ní àdììtú láti tú. Wọ́n yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé èyí tó le fún gbogbo wọn, gbogbo wọn sì fìdí rẹmi. Nígbà tí wọ́n tún fún wọn ní èyí tó rọrùn bíi ti àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ ṣe é burú ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn tí wọ́n yìn fún iṣẹ́ ṣe é dára jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kọ mààkì wọn fún ọmọ kan tí wọn kò mọ̀ rí, àwọn ọlọ́pọlọ pípé ló purọ́ jù. Oyè ni wọ́n ń ṣọ́.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ro èdè wa. Yorùbá ń kí èèyàn kú iṣẹ́, kú ìnáwó, kú ìdúró, kú ìjókòó, kú ìrọ́jú. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kí aládùúgbò rẹ̀ pé "ẹ kú orí pípé." Ohun tí èèyàn ń ṣe lọ́wọ́ là ń kí. A kì í sì í dúró kó parí: a ń kí ẹni tó ṣì wà nínú oko, a ń kí ẹni tó ṣì ń da bíríkì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, àgbàlagbà là ń kí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti tẹjú mọ́ lẹ́tà láti àárọ̀, ta ló ń sọ fún un pé "o kú iṣẹ́"? Tó bá gbà á, á gbọ́ "o káre." Bí kò bá tíì gbà á, kò ní gbọ́ nǹkan kan, tàbí kó gbọ́ olódo.

Obìnrin kan wọlé, ó jókòó níwájú mi. Kí n tó kí i tán, ó ní, "Èmi ni mo ń pariwo láàárọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ mi." Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó ní ọmọ 70 ló wà lọ́wọ́ òun, ìwé kíkà mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín gbogbo wọn, ohùn òun sì ti há. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹni tó bá wọ kíláàsì mi láti òkè, àléébù ló wá wò. Ta ló ń kí àwa? Ohun tí wọ́n fi ń bọ́ mi ni mo fi ń bọ́ wọn." Bàbá ẹlẹ́pà na àwo rẹ̀ sí i. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo rántí ìlà àárọ̀ àti ọmọ 11 tí wọ́n pè síta, mo sì rí i pé wọ́n ti ń pe tiwọn náà síta bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn ni mo padà bá Prámárì Kejì. Ooru ti mú, àwọn kan ti gbórí lé tábìlì. Àǹtí ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, ó ní kí ẹni tó bá wù wá kà á. Ẹnìkan ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ó tó pe ẹnikẹ́ni. Àkànní ni. Ọ̀rọ̀ tó yàn ni gbágùúdá.

Ó fi ìka lé e. Ó pa ètè pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. "Gbá," ó ní. Ibẹ̀ kò nira fún un mọ́. Ó dé gùú, ó sì dúró gbọn-in. Mo ń retí kó yíjú padà. Kò yíjú. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára pátákó.

Irin dún lábẹ́ igi máńgòrò. Kíláàsì tú bí oyin; báàgì ń fò, bẹ́ńṣì ń dún, ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí ó fi ku àwa mẹ́ta.

"Aago ti lù, ọkọ mi," Àǹtí wí. "Ó di ọ̀la."

"Ẹ dúró ná, Àǹtí," ọmọ náà dáhùn, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí lẹ́tà.

Àǹtí dúró.